Ohun tí Àwọn Kọ̀nkọ̀ Ń Wí fún Ìyá Àgbà àti Laraba

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Kò pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀ débi tí gọ́tà fi kún. Bó ṣe dá, tí òórùn ilẹ̀ tútù gba ojú fèrèsé wọlé, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ilé, ohùn tó nípọn, tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Òmíràn dá a lóhùn láti iwájú ilé àwọn aládùúgbò wa. Kí n tó gbá omi ẹnu ọ̀nà wa kúrò tán, gbogbo òpópónà ti gba ariwo kan.

Ọmọ ọmọ mi tó ń fi fóònù ṣeré nínú pálọ̀ gbójú sókè, ó ní, "Kaka, kwadi ne." Ó ń sọ fún mi pé ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n, bí ẹni pé àná ni mo dé ayé. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, dem just dey shout." Ariwo lásán ni lójú tirẹ̀. Ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀.

N kò bá a wí. Yorùbá a máa wọ etí àwọn ọmọ tí a bí sí Sabon Gari ní Kano níbí dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ń ti ẹnu wọn jáde, á ti di Haúsá tàbí Pijin. Èmi náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Mo kàn fa àga sún mọ́ ojú fèrèsé, mo jókòó, mo sì ń gbọ́ wọn. Lẹ́nu àwọn ẹ̀dá inú omi yìí ni mo ti kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí ìyá bàbá mi jẹ́, nítorí pé fún oṣù bíi mélòó kan tí a ti jọ ń gbé yàrá, n kò mọ̀ ọ́n rárá.

Rélùwéè ni Bàámi ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Yàrá méjì la ní nínú àgbàlá kan tí àwọn ayálégbé bíi tiwa kún fọ́fọ́, Yorùbá, Ìgbò, Ùròbò, àti ìdílé Núpé kan tó ń gbé lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kànga kan la jọ ń fà, okùn kan la jọ ń sá aṣọ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń dín àkàrà, imú gbogbo wa ló ń kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Àwa ọmọ a máa sọ Haúsá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ọjọ́ Àìkú nìkan, nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí à ń lọ, ni Yorùbá máa ń jọba lórí wa, nítorí Màámi ti kìlọ̀ pé Ọlọ́run kò gbọ́dọ̀ gbọ́ "wallahi" lẹ́nu wa níwájú pẹpẹ.

Lọ́dún tí bàbá Bàámi kú, Bàámi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí abúlé wọn lẹ́bàá Ọ̀fà, ó sì mú ìyá rẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Àárín ọyẹ́ ni wọ́n dé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rí ọyẹ́ tó ń ṣe ojú ayé, ẹ má rò pé bí ọyẹ́ Kano ṣe rí láyé ọjọ́un nìyẹn. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, eruku á sì bo gbogbo nǹkan títí tí èèyàn á fi máa fẹ́ eruku kúrò lójú omi kó tó mu ún. Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kan ṣoṣo tí wọ́n fi aṣọ àdìrẹ dì. Ó wo òfuurufú funfun yẹn yíká, ó ní, "Àjàní, ṣé iná ń jó níbì kan ni?"

Bàámi ní rárá o, ọyẹ́ ni. Ìyá Àgbà mi orí. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò bọ́ lára rẹ̀. Á jí, á kúnlẹ̀ gbàdúrà, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á sì máa wo àgbàlá bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ládùúgbò. Màámi se ọbẹ̀ kúkà, lúrú àwọn Haúsá, kò jẹ ẹ́. Ó se ilá, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dáa, ó sì gbé e fún mi. Bí mo bá kí i, á ní, "Ọkọ mi, pẹ̀lẹ́," ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Mo rántí pé mo máa ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, bí ọmọdé ṣe máa ń bẹ̀rù yàrá tí wọ́n tì.

Ìgbà kan ni mo gbọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ gígùn. Bàámi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó ń dùn ún. Ìyá Àgbà ní, "Àjàní, ìlú yín yìí yadi. Nílé, odò wà lẹ́yìn ọgbà wa. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn kọ̀nkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Èmi á ní ohun báyìí ni wọ́n ń wí, bàbá rẹ á ní irọ́ ni, ohun báyìí ni. Àríyànjiyàn yẹn la máa ń bá sùn. Ní báyìí tí kò sí mọ́, ó yẹ kí n máa gbọ́ wọn, kí n fi ṣe ìrántí rẹ̀. Ilẹ̀ yín yìí kò ní nǹkan kan tó ń ké àfi ewúrẹ́."

Ó ní bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, òun ń padà lọ. Kò tú ẹrù rẹ̀. Inú àdìrẹ yẹn ló ti ń mú aṣọ kọ̀ọ̀kan, á sì tún un dì padà. Bí Màámi bá ti rí i tó ń so kókó aṣọ náà, ojú rẹ̀ á yí padà, nítorí pé kò sí ìyàwó tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé nítorí òun ni ìyá ọkọ fi sá lọ.

Bí ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ooru gba ipò rẹ̀, ni obìnrin àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba òpópónà wa kọjá láti Fagge, àdúgbò àwọn Haúsá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ó gbé igbá ńlá tí ó fi fàǹtéètè bò lórí, ó sì ń kígbe, "Ga kwado! Kwado!" Ìyá Àgbà bi mí pé kí ni ó ń tà. Nínú Haúsá tí èmi gbọ́, kwado ni ọ̀pọ̀lọ́. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Àkèré ni, Ìyá Àgbà."

Àfi bí ẹni pé mo da omi tútù sí i lára. Àwọn ará abúlé tiwọn a máa jẹ àkèré, wọn á yan án gbẹ, wọn á fi se ọbẹ̀. Ìyá Àgbà dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé, mo rí eyín rẹ̀. Ó ní, "Pè é wá! Pè é kíá! Àṣé wọ́n ní ọgbọ́n lórí níbí náà!" Mo pè é. Obìnrin náà sọ igbá kalẹ̀, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fàǹtéètè. Ewé ni. Ewé zogale, èyí tí wọ́n ń pè ní mòríńgà, bíbọ̀ tí wọ́n fi kúlíkúlí, àlùbọ́sà àti ata pò, tí àwọn Haúsá ń pe òun náà ní kwado.

Ìyá Àgbà wo ewé náà, ó wò mí, ó tún fi ìka tú abẹ́ rẹ̀ wò bóyá àwọn àkèré ń sá pamọ́. Obìnrin náà béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló sọ nù. Kí n tó lè là á yé e, Ìyá Àgbà ti lóṣòó sílẹ̀, ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ké bíi kọ̀nkọ̀, òun ìyá arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀: "Ó kún! Ó kún!"

Gbogbo àgbàlá yíjú sí i. Obìnrin ará Fagge náà ya ẹnu. Nígbà tó yé e, ẹ̀rín pa á débi tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá rẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó gbọn orí, ó fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń ké ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ náà: "Ruwa ya zo! Ruwa ya zo!" Omi ti dé, omi ti dé.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Irọ́ ni!" Mo rí i pé omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

Ó ní kí n béèrè orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ní Laraba lòun ń jẹ́, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Àlàrùba! Ọjọ́rú nìyẹn. Mo mọ Àlàrùba!" Láti ọjọ́ yẹn, Àlàrùba ló ń pè é. Bí Laraba bá ti tà kiri tán, á yà sí àgbàlá wa, á sinmi. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí ẹní kan náà, ọ̀kan á sọ Yorùbá, èkejì á sọ Haúsá, wọn kì í sì í dúró kí n túmọ̀ tán.

Nígbà tí òjò wá dé, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ pípadà lọ sílé mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kùdùdùfì kan wà láàárín wa àti Fagge, kòtò ńlá tí wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé. Òjò a máa kún un. Nírọ̀lẹ́, àwa mẹ́ta á lọ jókòó sí etí rẹ̀ lábẹ́ igi dógóyárò, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ èdè kẹta.

Kọ̀nkọ̀ ni àgbà wọn. "Ó kún, ó kún," ni tirẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Bó bá ń ké bẹ́ẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, Ìyá Àgbà á ní kí n sáré lọ kó aṣọ, òjò ń bọ̀ padà. Àwọn àkèré kéékèèké ló ń jiyàn: "Kò ì kún, kò ì kún, kò ì kún," wéréwéré, lóhùn òkè. Bó bá jẹ́ tiwọn nìkan lo gbọ́, fọ aṣọ rẹ, òjò ọjọ́ yẹn kò ní láárí. Ọ̀pọ̀lọ́ ní tirẹ̀ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Á jókòó sí ibi gbígbẹ, á máa ní, "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀n. Hẹ̀ẹ̀ẹ̀n." Ìyá Àgbà ní àgbà tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ẹlẹ́rìí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sì dákẹ́ lójijì, ẹsẹ̀ kan ti dé etí omi nìyẹn, ó lè jẹ́ ti ènìyàn, ó sì lè jẹ́ pé ejò ni, tí kò tilẹ̀ ní ẹsẹ̀.

Laraba gbà pé òótọ́ ni ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó gbà pé òótọ́ ni ti ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tirẹ̀, bí àgbà wọn bá ní "Ruwa ya zo," àwọn kéékèèké á máa béèrè pé, "Ina? Ina? Ina?" Níbo? Níbo? Ìyá Àgbà ní, "Ó jọra. Ní ibi gbogbo, àgbà á ní omi ti dé, ọmọdé á ní òun kò rí i."

Mo sọ fún un nígbà kan pé wọ́n ní kọ̀nkọ̀ jàbèlè, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Ó ní ẹni tó pa òwe yẹn kò jókòó pẹ́ létí odò. "Fetí sílẹ̀ dáadáa, ọkọ mi. Kò sí èyí tó ń dá ké nínú wọn. Bí ọ̀kan bá pè, òmíràn ń dá a lóhùn ni."

Ní àárín òjò, Laraba ṣàdédé dáwọ́ wíwá dúró. Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì, títí ọ̀sẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Kò lọ sí kùdùdùfì. Oúnjẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù nínú abọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màámi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ó ti ń di ẹrù rẹ̀ o." Ẹ̀rù bà mí, nítorí pé nígbà yẹn, n kò mọ bí mo ṣe lè gbé ayé láìsí i mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Àgbà jáde, gèlè ló wé, kò gbé ẹrù. Ó ní, "Ọkọ mi, mú mi lọ sí ilé Àlàrùba."

Màámi ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ ò mọ ọ̀nà, ọmọ yìí náà ò mọ ilé."

Ó ní, "Ìyàwó, a kì í dúró de ọkùnrin ká tó béèrè àlàáfíà ọ̀rẹ́ ẹni."

Bí a ṣe wọ Fagge nìyẹn. Ọ̀nà tóóró tóóró, ògiri alámọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹrẹ̀ ń fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ wa. Mo bá àwọn obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, mo kí wọn, mo ní à ń wá Laraba. Wọ́n ní, "Wace Laraba?" Laraba wo? Obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́rú kò lóǹkà ní Fagge. Wọ́n mú wa dé ọ̀dọ̀ Laraba kan tó ń fún ọmọ lọ́mú, wọ́n tún fi òmíràn hàn wá tó ń ṣeré pẹ̀lú yanrìn. Mo wá ronú kan ọ̀nà ọgbọ́n. Mo ní Laraba mai kwado ni à ń wá, Laraba oníkwado.

Ọkùnrin kan ní, "Mai kwado? Ẹ tẹ̀lé mi." Ó mú wa rìn, ó mú wa yà, a sì bá ara wa níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó kó àgádágodo kéékèèké àti ńláńlá kọ́ sára ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Haúsá ti ń rẹ́rìn-ín. Kwado náà ni wọ́n ń pe àgádágodo. Ọkùnrin náà mú èyí tó tóbi jù, ó nà án sí Ìyá Àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìyá Àgbà wo àgádágodo, ó wò mí. Ó ní, "Ọkọ mi, èdè yìí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ni?"

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo rí bí èjìká rẹ̀ ṣe sọ̀kalẹ̀. Mo ní ká padà sílé, mo sì ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ló bá fa ọwọ́ yọ. Ó bọ́ sí àárín ọ̀nà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, ó tún gèlè rẹ̀ so, ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ké e:

"Ó kún! Ó kún!"

Àwọn ọmọdé sáré jáde. Oníṣọ́ọ̀bù gbàgbé àgádágodo sókè. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo fi ọwọ́ bojú. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó tún ké. Ní ìgbà tó dé ìyànà ọ̀nà, tó ké lẹ́ẹ̀kan sí i, a gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ògiri, ohùn tó ti rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀:

"Ruwa ya zo!"

Orí ẹní la bá Laraba. Ó ti yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí àgbọn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìyá Àgbà kò kí i, kò sì bá a kẹ́dùn. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan ara rẹ̀, ó gba òrí lọ́wọ́ ọmọ obìnrin Laraba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra á díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a wí ní Yorùbá: "Ta ló ní kí o máa sáré nínú òjò, ìwọ àgbàlagbà yìí?" Laraba ń dá a lóhùn ní Haúsá pé iyọ̀ ọbẹ̀ ló tán nílé. N kò túmọ̀. Ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a padà délé, Bàámi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá Àgbà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ yàrá, ó tú àdìrẹ náà sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, bá mi wá ibi tí n ó kó aṣọ wọ̀nyí sí. Wọ́n ti ń hunjọ." Màámi sáré wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò kaná, a sì ti jókòó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò náà.

Ìyá Àgbà kò padà sí abúlé mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń lọ fi òrí ra ẹsẹ̀ Laraba títí tó fi san, lẹ́yìn náà, wọ́n jọ ṣọ̀rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, Kano ni a sin ín sí, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́. Laraba wá, ó jókòó sáàárín àwọn ìyá ìjọ wa tó wọ aṣọ funfun, òun nìkan ló wọ aṣọ aláró, wọ́n sì fún un láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi.

Wọ́n ti di kùdùdùfì náà. Ilé alájà ló wà lórí rẹ̀ báyìí, àwọn tó ń gbébẹ̀ kò sì mọ̀ pé orí omi làwọn ń sùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni n kò rí ẹni bá sọ mọ́. Àwọn ọmọ tí mo bí kò mọ ìyàtọ̀ àkèré sí ọ̀pọ̀lọ́, ara wọn sì le, wọ́n ń rí ṣe. N kò banú jẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa lọ bí omi ṣe ń lọ, ó kàn jẹ́ pé èèyàn kì í mọ ibi tó máa ń sun jáde sí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ Laraba ń ta aṣọ ọmọdé ní Zoo Road. Kò gbọ́ Yorùbá, àyàfi ìkíni kan ṣoṣo tí ìyá ìyá rẹ̀ kọ́ wọn nílé, èyí tí òun náà kọ́ lẹ́nu Ìyá Àgbà. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ó ní àkókò tirẹ̀. Mo ti máa ń rò ó pé kí n tún un ṣe fún un, ẹnu mi kò gbà á. Lọ́sẹ̀ yìí, mo gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tó ti ń kó ọjà rẹ̀ wọlé. Ó rí mi, ó dá ọwọ́ dúró, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Iya, ẹ káàárọ̀!"

Mo ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"